Ẹkún Lórí Pósí Òfìfo

Kò sí ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì tí kò ka ìwé náà nílé ẹ̀kọ́. Ìtàn ìyàwó ọ̀ṣìngín kan ni, tó kú ní abúlé olókùúta kan ní Mani, láyé ìgbà tí àwọn ìdílé ṣì ń yìnbọn síra wọn láti orí ilé gogoro. Nígbà tí Filio, obìnrin kan tó ń ṣe fíìmù, fẹ́ sọ ọ́ di fíìmù, ibì kan ṣoṣo ló dí i lọ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ni òǹkọ̀wé náà kọ nípa ìsìnkú ìyàwó yìí: pé àwọn obìnrin sunkún rẹ̀ bó ti yẹ.

Ní Mani, ẹkún òkú kì í ṣe omijé lásán. Obìnrin kan á jókòó síbi orí pósí, á tú irun rẹ̀ sílẹ̀, á sì máa fi ohùn orin sọ ìgbésí ayé olóògbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn yòókù á máa gbè é. Kì í há a sórí láti ilé. Ibi pósí ló ti ń rí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù ní gbogbo agbègbè náà tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ligorena ni wọ́n ń pè é.

Filio bá a níwájú ilé, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ìwọ lo ní kí wọ́n tú wáyà iná wa kúrò lójú pópó? Tẹlifíṣọ̀n mi ti kú láti àárọ̀."

"Ẹ má bínú, Màmá. Láyé inú ìwé yẹn, iná kò tíì dé."

"Ìwọ náà kò tíì dé. Jókòó."

Filio mú ewì ẹkún kan jáde, èyí tí akéwì kan kọ fún fíìmù náà. Ligorena kò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹni tó kọ ọ́, ṣé ó mọ òkú náà ni?"

"Inú ìwé ni òkú náà wà, Màmá. Kò wáyé rí."

"Ẹni tí kò wáyé rí, kí ni mo fẹ́ rí sọ nípa rẹ̀?"

"Òṣèré wa á dùbúlẹ̀ sínú pósí. Ẹ kàn máa wo ojú rẹ̀."

"Ọmọ ọlọ́mọ tó ń mí! Kí n máa sun ẹkún òkú lé alààyè lórí? Èèwọ̀ ni. Kó o tó délé, ìyá rẹ̀ á ti máa wá mi kiri."

Filio ká ewì náà padà sínú àpò. Ligorena ṣa ẹ̀wà fúngbà díẹ̀ sí i.

"Gbé òṣèré rẹ kúrò," ló wí. "Kẹ́ ẹ dé pósí náà lófìfo. Mo ní ẹni tí mo fẹ́ sunkún fún. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ dá mi dúró títí mo fi máa parí."

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ la máa lò nínú fíìmù, Màmá."

"Ẹ lò ó bó ṣe wù yín. Ohùn náà ni kẹ́ ẹ bá mi tọ́jú lódindi."

"Wọn ò sunkún ẹni yẹn bó ti yẹ ni?"

"Kò sẹ́ni tó lè sun ún."

Nínú ilé, bí kọfí ti ń hó, Filio rí àwòrán ọmọdébìnrin kan lára ògiri, onírun dídì. "Ọmọbìnrin yìí mà rẹwà o," ló wí.

"Ó ti pẹ́ tó ti lọ," ni Ligorena dáhùn.

Ọkùnrin tó ń ta kọfí lábúlé ti sọ fún Filio pé ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá yìí bí ti wọkọ̀ òkun lọ sí Ọsirélíà láti ìgbà èwe rẹ̀. Filio kò béèrè mọ́. Ó ṣèlérí pé òun á tọ́jú ẹkún náà lódindi.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, Ligorena dé nínú aṣọ dúdú tuntun. Stratena, ìyá arúgbó tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, wò ó tòkè tilẹ̀.

"Ṣé wọ́n tún ń gbé ọ níyàwó ni?"

"Panu mọ́. Má kàn gbàgbé àtigbè."

Ó jókòó síbi orí pósí, ó tú irun rẹ̀ sílẹ̀.

"Garufalia o, Garufalia! Ta ló pè ọ́ kẹ́yìn? Ìwọ tó ń kọrin nídìí igi ólífì títí wọ́n fi ń gbọ́ ọ létí òkun. O tún ilé onílé ṣe. O pa ojú òkú olókùú dé. Ta ni yóò pa tìrẹ dé, Garufalia?"

Stratena gbójú sókè wìì. Kò rántí gbè. Nígbà tó wá gbè, ohùn rẹ̀ bo ti gbogbo àwọn obìnrin yòókù mọ́lẹ̀.

Ẹkún náà gùn. Oòrùn ń kúrò lára ògiri. Babis, tó ń gba ohùn, súnmọ́ Filio.

"Àǹtí, ìmọ́lẹ̀ ń lọ o. Ìran méjì ló ṣì kù."

"Jẹ́ kó lọ."

Nígbà tí Ligorena parí, ó di irun rẹ̀.

"Ó wọlé?"

"Ó wọlé, Màmá," ni Babis dáhùn.

"Lódindi?"

"Lódindi."

"Ó dáa. Ebi ń pa mí." Ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ lóun nìkan.

Filio jókòó ti Stratena, tó ṣì ń nu ojú.

"Àánú rẹ̀ ṣe mí," ni Filio wí. "Kéèyàn pàdánù ọmọ sílẹ̀ òkèèrè."

"Ọmọ wo? Vulitsa ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Ó pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Àjíǹde."

"Ta wá ni Garufalia?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni," ni Stratena wí, "orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i, kó tó fẹ́ Ligoris, tí gbogbo ayé sì wá ń fi orúkọ ọkọ pè é ní Ligorena, èmi nìkan ló sì kù tó mọ̀ ọ́n."