Ìdánwò Wolé-wolé

Lójú Wolé-wolé, kò sí ọlọ́pọlọ kan ṣoṣo nínú kíláàsì fìlọ́sọ́fì náà. Ó ti rò pé ní ìlú ńlá, àwọn tí orí wọn pé lòun máa bá jókòó. Àwọn àgbààyà ló bá níbẹ̀.

Láti kékeré ló ti ń wù ú láti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀kọ́ àwọn tó máa ń bi ayé ní ìbéèrè títí yóò fi rẹ ayé. Kò ráyè. Iṣẹ́ wolé-wolé ló gba gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀: ó ń wọ ilé onílé, ó ń ṣí ìdérí garawa omi wò, ó ń yínmú sí ilé ìdáná àwọn ìyàwó oníyàwó. Kò sí ìdọ̀tí tó lè sá pamọ́ fún un. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì lọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ìdọ̀tí inú orí ọmọ aráyé ló sì kù tó fẹ́ yẹ̀ wò.

Obìnrin kan ló ń fi ọkọ̀ gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ó ń wakọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. Òun ló tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yìí fún Wolé-wolé, ìyẹn ò sì mọ ibi tí awakọ̀ ti gbọ́ ohun tó ti ń wu òun láti kékeré. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láràárọ̀, á wọlé láìkanlẹ̀kùn, á po tíì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, á wá bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, ẹ ti wọ súwẹ́tà yín? Bàbá, ẹ wo ẹsẹ̀ yín o." Bàbá, bàbá, bí gbogbo awakọ̀ ṣe ń pe ẹni tó bá ti hewú. Lọ́jọ́ kan ó wò ó nínú dígí ọkọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ mí?"

"Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ẹnikẹ́ni?" Wolé-wolé dá a lóhùn.

Obìnrin náà gbé ojú kúrò nínú dígí, ó tẹjú mọ́ ọ̀nà bí ẹni tó ń ro àròjinlẹ̀ títí wọ́n fi débẹ̀. Inú Wolé-wolé dùn díẹ̀. Ó ní fìlọ́sọ́fì ti ń ran awakọ̀ òun bí ọ̀fìnkìn.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ náà mọ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ó ti fi ìka nu etí fèrèsé, kò rí eruku. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìbéèrè kan ló mọ̀: "Wọ́n ti pín oúnjẹ ni?" Bí wọ́n bá dá a lóhùn tán, á tún bi wọ́n. Wolé-wolé kọ́kọ́ kà á sí ọgbọ́n ìjìnlẹ̀, ó wá rí i pé wọ̀bìà lásán ni. Ìyá kan tó ti ta aṣọ rí máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ sínú báàgì, á sì máa wá a kiri.

"Ẹni tí kò mọ ibi tí bàtà rẹ̀ wà ló fẹ́ mọ ibi tí ayé ti wá," Wolé-wolé ní, ó sì sọ ọ́ kí ìyá náà lè gbọ́.

Tíṣà ló wá burú jù. Ọmọ àná, nínú aṣọ funfun báláú, ohùn rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Kì í jiyàn, kì í báni wí. Ohun yòówù kéèyàn sọ, á mi orí, á kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹni tó yẹ kó kọ́ mi ló ń da ọ̀rọ̀ mi kọ," Wolé-wolé sọ fún awakọ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, obìnrin náà pa ọkọ̀, kò tètè ṣílẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá yege, ilé lẹ ó ti máa wá bí ẹ ṣe ń wá. Bí ẹ ò bá yege, wọ́n ní ẹ ó máa sùn síbí."

"Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó bàtà sí báàgì?"

"Bí wọ́n bá ṣe bi yín ni kẹ́ ẹ ṣe dá wọn lóhùn. Ẹ má fi ọgbọ́n kún un."

Wolé-wolé wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ó dá a lójú pé ẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bà á. Síbẹ̀, òun náà ò fẹ́ fi yàrá rẹ̀ sílẹ̀. Àga olóògbé ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i. Ó pinnu pé òun gbọ́dọ̀ yege.

Ọkùnrin onígíláàsì kan jókòó ti Tíṣà. Wọ́n jẹ́ kí awakọ̀ náà wọlé, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń pe awakọ̀ wá wòran ìdánwò, Wolé-wolé ò rí irú rẹ̀ rí.

"Ọjọ́ wo lòní, bàbá?" Tíṣà bi í.

"Ọmọ aráyé ló fún ọjọ́ lórúkọ. Ọjọ́ fúnra rẹ̀ ò mọ̀."

"Ibo la wà yìí?"

"Ibi tí mo bá wà ni mo máa ń wà."

Tíṣà kọ ọ́. Ó na bébà sí i, ó ní kó ya aago ògiri. Wolé-wolé ya òbìrìkìtì kan, ó dá a padà.

"Ẹ ò kọ nọ́ńbà sí i, bàbá."

"Ta ló ka àkókò rí tó kà á tán?"

Ọkùnrin onígíláàsì wá nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Ta ni obìnrin yìí?"

Èyí rọrùn. Wolé-wolé rántí ìkìlọ̀ inú ọkọ̀, kò fi ọgbọ́n kankan kún un.

"Awakọ̀ mi ni. Èèyàn dáadáa ni, ẹnu rẹ̀ ló kàn pọ̀."

Obìnrin náà kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Wolé-wolé rò pé ẹ̀rín ló ń rín. Wọ́n ní kó lọ jókòó lọ́dọ̀ Sójà, ó sì jáde bí ẹni tó ti yege.

Nígbà tí ọkùnrin onígíláàsì ti ilẹ̀kùn tán, tó ní kí obìnrin náà kó ẹrù Wolé-wolé wá lọ́la sí wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó tí àìsàn ìgbàgbé ń ṣe, obìnrin náà nu ojú rẹ̀, ó sì bi dókítà náà bóyá àyè wà níbẹ̀ fún àga ìyá òun, torí pé bàbá òun kì í sùn bí kò bá rí i.