Ilẹ̀kùn Yàrá Ẹ́ńjìnnì

Ẹni tó ń bi wá pé kí ló dé tí iná fi ń jó ọkọ̀ tó wà lórí omi, kò tíì wọ inú ọkọ̀ ogun rí. Bí a bá da omi púpọ̀ sí i, ọkọ̀ á dojú dé. Irin ni ògiri rẹ̀; ooru iná yàrá kan á ran yàrá kejì. Ohun tó kù ni kí a tilẹ̀kùn, kí afẹ́fẹ́ lè tán níbẹ̀.

Ohun tí Ọ̀gá Adégoróyè ṣe nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ tí yàrá ẹ́ńjìnnì gbiná. Ṣùgbọ́n Akínrọ̀pò, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣì wà nínú yàrá náà, ó ń kanlẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Má bínú, àbúrò. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé, gbogbo wa la máa jóná."

Nígbà tó yá, Akínrọ̀pò kò kanlẹ̀kùn mọ́.

Ọ̀gá àti Fìjàbí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, bọ́ sí yàrá kejì láti da omi sára ògiri. Tọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń tàn níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́, lára ògiri òsì tó kángun sí yàrá ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dà ibẹ̀ wú, ó gbiná. Wọ́n pa iná náà. Kọ́, kọ́, kọ́, lára ògiri ọ̀tún, tó jẹ́ pé òkun nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ náà gbiná.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká jáde!"

Wọ́n sáré dé ìdí ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà wọlé. Ẹnìkan ti tì í láti ìta. Ọ̀gá fi ìkúùkù lù ú.

"Ta ló wà níta? Ṣílẹ̀kùn!"

Ohùn Akínrọ̀pò, tí wọ́n mọ̀ dáadáa, dáhùn jẹ́jẹ́: "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé, gbogbo wa la máa jóná."