Òjíjí Mẹ́ta Tuntun

Láàárín ọ̀sà wa ní Ẹ̀pẹ́, Fọlárìn ṣí táǹkì bátìrì ọkọ̀ ìgbafẹ́ rẹ̀. Òjíjí, ẹja oníná tó ń fún ọkọ̀ náà níná, ti gbó, ó fẹ́ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ó yíjú sí garawa tó kó òjíjí tuntun mẹ́ta sí. Garawa ṣófo!

"Ẹ̀gbọ́n mi, bátìrì mẹ́ta tó wà níbí dà?"

Ìyá Mojíṣọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbójú sókè nídìí ìkòkò lẹ́yìn ọkọ̀. "Bátìrì wo? Ẹja ni mo rí, mo ti fi wọ́n se ọbẹ̀ ata. Abájọ tí ọwọ́ mi fi ń gbọ̀n látàárọ̀!"

Fọlárìn sáré wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde nínú ọkọ̀ ti ń mí hẹlẹhẹlẹ; bó bá dákẹ́, wọ́n rì nìyẹn.

Ó kúnlẹ̀ síwájú ògbólógbòó òjíjí inú táǹkì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wa délé."