Obì Kan Tó Ṣẹ́kù

2,520 ni iye obì tí ìyá mi máa ń kà sínú agbọ̀n kan. Láti orí ẹni méjì dé orí mẹ́wàá, iye èèyàn yòówù tó bá dáwó jọ rà á, wọn á pín in dọ́gba láìku ẹyọ kan.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí ọkùnrin kan wọ ìsọ̀ wa. Ó ń tẹ ewé gbígbẹ tó kún ilẹ̀, ewé ò dún. Ara fu mí.

“Ìyá olóbì, ẹ pín in sí méje fún mi.”

A pín in, ẹyọ kan ṣẹ́kù. A tún un kà: 2,520, ó pé pérépéré. A pín in sí mẹ́ta, ẹyọ kan tún ṣẹ́kù.

“Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ fi sínú obì wa?” ni mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. “Èmi kọ́. Ẹni tó dúró lẹ́yìn yín ló ni ìyẹn.”

A ò bojú wẹ̀yìn. Lẹ́yìn wa, ewé gbígbẹ dún.