Ẹ̀jẹ̀ Bushrah

"Wọ́n ní àwọn aláàánú tó ń fi ọkọ̀ gbé aboyún lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn… ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń… ẹ má dárúkọ mi o."

Saifudeen ló gbé ọ̀rọ̀ náà wálé.

Bushrah ìyàwó rẹ̀ ti ń rọbí báyìí, ìyakọ rẹ̀ sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

"Wọn ò ní fa ẹ̀jẹ̀ ìyàwó ọmọ mi tà!"

Ọkọ̀ àwọn aláàánú náà ń fọn fèrè níta. Òòyì ń kọ́ Bushrah, kò rí ibi gbà jáde.

Nọ́ọ̀sì tó bá ọkọ̀ náà wá yọjú lójú fèrèsé. "Baálé ilé, kí ni mo bá yín sọ lọ́jọ́sí?"



"Sọ ọ́, àbí o yadi ni?" ni ìyá Saifudeen wí fún un.

"Wọ́n ní, 'Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín ò tó. Ẹ má bẹ̀rù abẹ́rẹ́, ẹ wá fún un lára tiyín.'"