Ijóyá Kò Mọ Aṣọ Ká

Ijóyá mọ ijó jó. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ń bà á jẹ́. Àmọ́ ọ̀lẹ ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ tó ń sùn o! Ọ̀lẹ ẹlẹ́rìn-ín ni, irú èyí tó máa ń fi ẹnu dídùn gbé iṣẹ́ tirẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Alágbàfọ̀ ni ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà. Aṣọ ìbùsùn àwọn ilé ìtura ló ń fọ̀, tó ń lọ̀, tó ń ká. Nígbà tí ìsinmi gígùn dé, ó rán ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ sí ibùdó tí àwọn ọmọbìnrin ti máa ń lo díẹ̀ nínú ìsinmi wọn.

Ó ní, "Lọ ṣeré, lọ kọ́ ijó sí i. Lọ́jọ́ ìparí, màá wá jókòó síwájú kí n wò ọ́."

Ijóyá ní, "Ìyá àgbà, ẹ ṣáà máa bọ̀. Èmi ni mo máa ṣíwájú ijó." Kò sí ohun mìíràn lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà náà ju pé kí ìyá àgbà rí òun níwájú.

Ìgbádùn ni ibùdó. Bí agogo bá ti lù láàárọ̀, àwọn ọmọ á kó aṣọ ìbùsùn wọn síta, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á gbé e padà sí yàrá, wọ́n á ká a. Ẹni méjì tí wọ́n jọ ń sun yàrá kan ló ń ká a pọ̀. Wọ́n á di igun mú, wọ́n á nà á, wọ́n á pàdé, wọ́n á tún padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á bomi rin ọgbà ẹ̀fọ́, wọ́n á lọ lúwẹ̀ẹ́ lódò. Nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, wọ́n á dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì délẹ̀, wọ́n á máa lù ú, ijó yá nìyẹn.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ẹnì kejì Ijóyá, nítorí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti àárọ̀ àkọ́kọ́ ni Ijóyá ti mú un.

"Jẹ́jẹ́ mi, ọ̀rẹ́ àtàtà, bá mi ká a lónìí. Màá kọ́ ẹ ní ijó tuntun."

"Ẹni méjì ló ń ká a."

"Ìwọ nìkan kúkú tó ẹni méjì!"

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, àmọ́ ọmọ náà so igun aṣọ mọ́ irin fèrèsé, ó di ìyókù mú, ó ká a. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn. Ijóyá á wà níwájú dígí, á máa ju ìdí.

Nígbà tó ṣe, olùkọ́ ijó, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Oníjó, so ọ̀já pupa aṣíwájú mọ́ ọn nídìí. Inú Ijóyá dùn dẹ́yìn. Àfi bí Àǹtí ṣe wá la ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nígbà tí ìparí kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Iṣẹ́ àárọ̀ wa la máa fi jó. Olúkúlùkù á mú aṣọ ìbùsùn gidi dání pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀, ẹ ó máa jó, ẹ ó máa ká a. Ẹ wá ká dán an wò lọ́sàn-án ọ̀la. Kò le, ojoojúmọ́ lẹ kúkú ń ṣe é."

Jẹ́jẹ́ fà á lọ́wọ́. "Ijóyá, wá ká ká ẹyọ kan ṣoṣo."

"Aṣọ lásán-làsàn! Irun ni mo fẹ́ lọ dì ní tèmi." Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ní orí ń fọ́ òun, kò bá wọn dán an wò. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ijóyá kò wo nǹkan kan.

Ọjọ́ pé. Ìyá àgbà jókòó síwájú, ó ń fi ìgúnpá ta ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ẹ rí ọlọ́já pupa yẹn? Ọmọ ọmọ mi ni!"

Bọ́kẹ́ẹ̀tì dún. Ijóyá gbẹ́sẹ̀, àwọn èèyàn hó yèè. Jẹ́jẹ́ wá tú aṣọ ìbùsùn wọn, ó na apá kan sí i. Bí Jẹ́jẹ́ ṣe ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, Ijóyá ń lọ sẹ́yìn. Bí Jẹ́jẹ́ ṣe ń nà án, ó ń ká a mọ́ra bí ìgbà tí èèyàn ń sá òtútù.

Jẹ́jẹ́ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Di igun mú!"

"Igun wo?"

Ó yíjú wo àwọn tó wà lẹ́yìn, ó tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, ó fìdí jókòó gbì, aṣọ sì bò ó lórí. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ ni, ó ti rí i pé ọmọ náà kò bá wọn ká aṣọ rí.

Àǹtí Oníjó ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀. "Ijóyá, ta ló ń bá Jẹ́jẹ́ ká aṣọ láràárọ̀?"

Ijóyá fi ọwọ́ nu omijé. "Irin fèrèsé ni, mà."

Àǹtí tú ọ̀já pupa, ó so ó mọ́ Jẹ́jẹ́ nídìí. Ó béèrè pé, "Ta ló máa wá bá a jó báyìí?"

Ìyá àgbà bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ni."

Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Màmá arúgbó di igun mú, òun àti Jẹ́jẹ́ nà án, wọ́n pàdé, wọ́n padà sẹ́yìn, ìdí ń ṣe jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ ń bá bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Aṣọ náà di pẹlẹbẹ lọ́wọ́ wọn. Gbogbo èèyàn dìde pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ni Ijóyá wà tó ń wo ìyá àgbà tirẹ̀ tó ń bá ọmọ ọlọ́mọ ṣíwájú ijó. Ó dùn ún dé egungun.

Nígbà tí ijó parí, ìyá àgbà gbé aṣọ tí wọ́n ká náà lé Ijóyá lọ́wọ́. "Mo rí ijó rẹ, ó dára. Àmọ́ ẹni tí kò lè di igun tirẹ̀ mú, ta ló fẹ́ ṣíwájú?"

"Ẹ má bínú, Ìyá àgbà."

"Mi ò bínú. Ìsinmi ò ṣáà tíì tán. Láti ọ̀la, èmi lọ́tùn-ún, ìwọ lósì, a ó jọ máa ká aṣọ ilé ìtura. Fèrèsé tèmi kò sì ní irin o."

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ náà ò fara sin. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ rò pé òun ń rẹ́ ẹ jẹ ni, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń rẹ́ jẹ, torí ẹni tó ṣiṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bùn dára, àmọ́ kì í bá èèyàn ṣe ohun tí kò kọ́. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Tí wọ́n bá ní kí ẹ di igun kan mú láàárọ̀, ẹ dì í mú dáadáa. Ẹ ò mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ní kí ẹ fi jó.