Ansgar Tó Ní Ọkọ̀ Dára

Ìgbéraga ni àrùn Ansgar Pütz. Kì í ṣe pé kò mọ ọkọ̀ wà o, ó mọ̀ ọ́n wà. Ṣùgbọ́n kí orúkọ òun wà lókè ló jẹ ẹ́ lógún, ì báà ṣe pé ọkọ̀ kò délé. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ní abúlé wa ní òkè Eifel ní ilẹ̀ Jámánì, ẹgbẹ́ kan wà tó ń sáré ọkọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má fojú eré ọmọdé wò ó. Táyà ń jẹ nínú ẹ̀, epo ń tán, bí o bá sì fi ọkọ̀ gbá nǹkan, á máa tiro títí wàá fi gbé e wọlé fún àtúnṣe. Gbọ̀ngàn àwọn panápaná ni wọ́n ń lò. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni mo ti ń ta sọ́séèjì àti àkàrà ọ̀dùnkún láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Kò sí ẹni tó wọlé tí n kò rí.

Ọ̀gá Lothar, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tún ọkọ̀ gidi ṣe, ló ń kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yí padà: "Tẹ bíréèkì kó o tó dé kọ́nà. Jẹ́ kí ọkọ̀ fìdí balẹ̀. Ìgbà tó o bá ń jáde ni kó o tó tẹná." Wiebke, ọmọ Hedwig tó ń sin màlúù, gbọ́ ọ. Kọ́nà kan ṣoṣo ló máa ń mú, á wà á, á tún un wà, títí yóò fi mọ́ ọn lára kó tó bọ́ sí òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni àkókò tó fi ń yípo ń dín kù díẹ̀díẹ̀.

Ansgar fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Wiebke, ṣé òkú lo gbé sẹ́yìn ọkọ̀ ni?"

"Òkú ìwọ ni," ọmọ náà dá a lóhùn. "Mò ń rọra gbé e lọ kó má baà jí."

Epo bíńtín ni Ansgar máa ń bù sí ọkọ̀ tirẹ̀ kó lè fúyẹ́. Á gun bèbè ọ̀nà gbàgà-gbàgà. Ìyípo kan péré ló ń lé; lẹ́yìn ìyẹn, táyà ti jóná. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà lókè pátákó ara ògiri, níbi tí wọ́n ń kọ àwọn tó yípo yára jù sí. Àwọn aláìmọ̀kan ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ra bíà fún un. Mo ní kí Ọ̀gá Lothar nu orúkọ yẹn kúrò.

"Màmá Trudi, ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Eré gígùn á kọ́ ọ."

Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í le koko. Ó le lóòótọ́, àmọ́ orí ẹlòmíì ló le sí.

Eré gígùn náà dé lọ́jọ́ Sátidé kan. Ọkọ̀ kan ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń wà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Bí ẹnì kan bá sọ̀, ẹlòmíì á gùn ún. Ọ̀gbẹ́ni Reuter, tó ń kó àwọn awakọ̀ jọ fún ìdíje gidi, jókòó síwájú. Wiebke ló wá wò. Bí ọmọ náà bá ṣe dáadáa, ó máa mú un lọ sórí ọkọ̀ gidi. Hedwig ìyá rẹ̀ wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá. Sọ́séèjì tí mo fún un tutù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Òfin kan wà tí ẹgbẹ́ wa kì í fi ṣeré: ẹni tó bá ń sọ̀ gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ àìsàn ọkọ̀ fún ẹni tó ń gùn ún.

Kó tó kan Wiebke, Ansgar ló ń wa ọkọ̀ ẹgbẹ́ wa, ó sì fẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Reuter mọ̀ pé òun yára ju ọmọ náà lọ. Ó gun bèbè, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá irin etí ọ̀nà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọ́. Ọkọ̀ àwọn tó wà níwájú ni wọ́n ń fi hàn lára ògiri lásìkò náà, Ọ̀gá Lothar sì wà lọ́dọ̀ mi níta, ó ń jẹun. Ẹnikẹ́ni kò rí i. Nígbà tó wọlé, kò jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, torí wọn á bi í pé kí ló gbá.

"Báwo ló ṣe rí?" Wiebke bi í.

"Ó dára."

"Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Mo ní ó dára! Àbí ojora ti mú ẹ? Gùn ún jàre!"

Wiebke gbà á gbọ́. Nígbà tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ inú igbó, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti tẹ bíréèkì, ẹ̀yìn ọkọ̀ já. Ó pòòyì, ó gbá irin lọ́tùn-ún, ó gbá irin lósì, táyà fò lọ. Eré ẹgbẹ́ wa parí síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Reuter gbé kóòtù rẹ̀. "Ọmọ náà kò tíì tó," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ansgar kò tilẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀kùn padé. "Ṣé mi ò sọ? Ẹni tó ń fún wàrà màlúù, kí ló mọ̀ nípa ọkọ̀?"

Ọ̀gá Lothar wọlé, ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà. "Ẹ dá eré náà padà," ó ní. Gbogbo ìrìn ọkọ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Gbogbo wa rí bó ṣe gbá irin, a rí bó ṣe kọ àtúnṣe. Mo wọlé tèmi ti àmúga tí mo fi ń yí sọ́séèjì.

"Ansgar, ẹnu tó o fi sọ pé ó dára dà? Yà á kí n rí i!"

Ó ń wo bàtà rẹ̀.

Ọ̀gá Lothar nu orúkọ rẹ̀ kúrò, ó gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ansgar wá ẹgbẹ́ mìíràn lọ ní abúlé kejì, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. "Ta ló máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ?" ni wọ́n bi í. Òun nìkan ló ń sáré nínú yàrá rẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó ń bá a du ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gá Lothar fi máa rí Ọ̀gbẹ́ni Reuter bá sọ̀rọ̀, ìyẹn ti fi ẹlòmíì sí àyè Wiebke.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ yára, kó kọ́kọ́ kọ́ sùúrù. Bí o bá ba nǹkan jẹ́, sọ ọ́ kí ẹni tó kàn tó fọwọ́ kàn án. Ìtìjú kì í pa ẹni tó jẹ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó yára láìbèèrè bóyá ó ń délé, ọwọ́ yín náà wà níbẹ̀. Ìyà tí a fi jẹ òpùrọ́ kì í dá ohun tí irọ́ rẹ̀ gbé lọ padà.